Wọn Ò Gé Ọ̀rá Kankan: Ìdí Tí Ara Kì Í Tètè Jò Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn nínú agbo ilé wa nílùú Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Mápó, nígbàkigbà tí ọmọ ilé kan bá ti Èkó tàbí òkè òkun dé lẹ́yìn tó ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sísanra kù. Wọ́n á wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì tíì wọlé, ìdájọ́ ti délẹ̀: "Wọ́n kàn gba owó ọwọ́ ẹ̀ ni." Èyí tó ń ṣeni láàánú jù ni pé ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún gan-an a máa gbà wọ́n gbọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Á ní ara òun ló burú, tàbí pé dókítà òun kò mọṣẹ́.

Àṣìṣe ni, ó sì ń pa èèyàn lára. Ohun tí àwọn olùwádìí ti rí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá lórí iṣẹ́ abẹ yìí kò bá ohun tí à ń sọ nílé mu rárá. Lílọ́ra kọ́ ni àmì pé iṣẹ́ náà kò jẹ́. Bó ṣe ń jẹ́ gan-an nìyẹn.

Orísun àṣìṣe náà kò pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rá ni dókítà gé dànù. Iṣẹ́ abẹ kan wà lóòótọ́ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ, òmíràn sì wà tí wọ́n fi ń gé awọ ikùn tó ti tú. Iṣẹ́ àwọn tó ń tún ẹwà ara ṣe ni méjèèjì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Nàìjíríà gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ ìgbà náà, kú ní Spain lẹ́yìn tó lọ ṣe é. Ìbànújẹ́ ńlá ni, ó sì wọ àwọn èèyàn lọ́kàn débi pé títí dòní, ẹni tó bá ti gbọ́ "iṣẹ́ abẹ" àti "sísanra" nínú gbólóhùn kan, ọ̀rá fífà ló máa ń rò.

Èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ pátápátá. Àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí nínú ikùn, ni ọ̀bẹ kàn. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú 100 àpò náà kúrò, èyí tó kù á wá gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè fo ibi tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀ kọjá. Edward Mason àti Chikashi Ito ló kọ́kọ́ ṣe bypass yìí ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1966. Nínú sleeve o, nínú bypass o, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀rá ikùn, ti itan, tàbí ti apá. Ẹni tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní kílò 130 á jáde ní nǹkan bí kílò 130. Ó tilẹ̀ lè lé díẹ̀, nítorí omi tí wọ́n fà sí i lára.

Kí wá ni ọ̀bẹ ṣe? Ebi ló yí padà. Apá òkè àpòlúkù ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin, họ́mónù tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá, èyí tí Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ṣàwárí ní Japan lọ́dún 1999. Sleeve gbé apá náà lọ. Oúnjẹ á sì tún yára dé ìfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfun á ránṣẹ́ sókè pé ó tó. Mo ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó nídìí àmàlà ní Bẹẹrẹ rí. Ẹja ló kọ́kọ́ mú, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń rún un pẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé èròjà tó ń mú iṣan ró ni kó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ló gé òkèlè bíńtín mẹ́ta, ó ti í bọ gbẹ̀gìrì, ó fọwọ́. Abọ́ ṣì kún. Olóúnjẹ sáré wá, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ọbẹ̀ ò dùn ni?" Ọbẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ ló ti kún.

Iṣẹ́ ọ̀bẹ parí síbẹ̀. Ọ̀rá tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ara fúnra rẹ̀ ni yóò jó o, lójoojúmọ́, níwọ̀n tí oúnjẹ kò bá tó ohun tó ń ná. Àní ibi tí ọ̀rá ń gbà jáde ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Lọ́dún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Australia ṣírò rẹ̀ pé nínú kílò ọ̀rá 10 tí ara bá jó, kílò 8.4 ló ń bá èémí jáde, 1.6 tó kù ló ń di omi. A ń mí i jáde ni. Ohun tí a ní láti mí jáde kò lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Obìnrin tó wọn kílò 130, tí wọ́n ṣe sleeve fún, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò lọ láàárín oṣù 12 sí 18. Kílò 32 àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ pín in sí oṣù 18, kò pé kílò méjì lóṣù. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀sẹ̀, kò tó ààbọ̀ kílò. Oṣù àkọ́kọ́ máa ń yá ju ti ìgbẹ̀yìn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí omi nìkan lè ṣe: ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lálẹ́ àná, ìgbẹ́ tí kò wá láti ọjọ́ méjì, nǹkan oṣù tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé òṣùwọ̀n sókè ní kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, omi ló ń wọ̀n. Ọ̀rá tó lọ kéré sí ohun tí òṣùwọ̀n lè fi hàn lọ́jọ́ kan. Ká má tíì sọ ti ẹni tó gun ti ilé lónìí, tó gun ti kẹ́mísìtì lọ́la, tó gun ti ọmọkùnrin tó gbé òṣùwọ̀n sẹ́bàá títì lọ́túnla, tó wá ń fi ọ̀kan wé èkejì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló máa ń já ọ̀pọ̀ wọn láyà jù. Àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó: ní nǹkan bí ìgbà yẹn ni òṣùwọ̀n máa ń dúró gbagidi, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jẹ́ méjì. Ara a máa tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, nǹkan bí gíráàmù 400 sí 500, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń di nǹkan bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Nígbà tí ohun tó ń wọ ẹnu kò ju omi ẹran àti ohun sísàn lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣúgà àtọ́jú yìí ni ara kọ́kọ́ ń ná. Omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á bá ìtọ̀ lọ, òṣùwọ̀n á já wálẹ̀ wàràwàrà, gbogbo ilé á máa dunnú. Bí oúnjẹ bá tún ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ara á dá ṣúgà díẹ̀ àti omi rẹ̀ padà síbi tó wà. Ọ̀rá ń lọ, omi ń bọ̀, òṣùwọ̀n dúró sójú kan. Ẹni tí kò mọ èyí á sunkún lórí ohun tó ń lọ déédéé.

Kì í ṣe ọjà nìkan ni àṣìṣe yìí ti wá o. Apá kan rẹ̀ ti inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé jáde. Lọ́dún 1958, dókítà kan ní New York, Max Wishnofsky, kọ ọ́ pé kálórì 3,500 téèyàn bá yọ nínú oúnjẹ rẹ̀, pọ́n-ùn kan ni yóò fi jò. Òfin náà rọrùn, ó sì tàn dé gbogbo ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé e délẹ̀, ẹni tó dín oúnjẹ kù yóò máa jò lọ títí yóò fi pòórá, a kò sì tíì rí ẹni tó pòórá. Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, tún un ṣe nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2011. Wọ́n fi hàn pé bí ẹni tó sanra bá dín oúnjẹ rẹ̀ kù tó sì dúró lé e, nǹkan bí ọdún kan ni ìdajì ìyípadà máa ń gbà kó tó hàn lára, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odidi rẹ̀ sì ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ni pé ara tó kéré kì í ná tó ara tó tóbi. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tà bíi tàná á fún ọwọ́ mọ́ owó. Bákan náà ni ara ṣe ń dín ìnáwó rẹ̀ kù bí oúnjẹ bá ti dín.

Ancel Keys ti rí i kó tó di ìgbà yẹn, ní Yunifásítì Minnesota lọ́dún 1944 sí 1945, nígbà tó dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tó yọ̀ǹda ara wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ọkàn wọn ń lù lọ́ra, òtútù ń mú wọn, omi sì wú sí ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn débi pé òṣùwọ̀n kò lè sọ bí ara wọn ti gbẹ tó. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan, ebi ni wọ́n fi wọ́n sí. Ohun tí iṣẹ́ abẹ fi yàtọ̀ ni pé ó dín ebi náà kù, kí èèyàn lè dúró síbẹ̀ pẹ́ tó kí ara tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn ọ̀lẹ ló kàn. Wọ́n á ní bó bá jẹ́ pé ó ń ru ẹrù lọ ru ẹrù bọ̀ ní Ọjà'ba bíi ti ìyá rẹ̀ ni, kò ní lọ́ra bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó ta ko èyí, ìpínlẹ̀ wa níbí ni apá kan rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 2009, Amy Luke, Richard Cooper, Adebowale Adeyemo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde, níbi tí wọ́n ti fi àwọn obìnrin ìgbèríko agbègbè Ìgbó-Ọrà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Wọn kò béèrè lẹ́nu obìnrin kankan bó ti ń ṣiṣẹ́ sí. Omi àkànṣe kan ni wọ́n fún wọn mu, tó ń jẹ́ kí wọ́n lè mọ iye agbára tí ara ń ná lóòótọ́ láti inú ìtọ̀. Àwọn ti Maywood sanra ju àwọn ti Ìgbó-Ọrà lọ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ro ti bí ara oníkálùkù ti tóbi tó mọ́ ọn, agbára tí ìhà méjèèjì ń ná lórí ìgbòkègbodò kò yàtọ̀ síra, iye tí obìnrin kan sì ń ná kò sọ bóyá yóò sanra sí i tàbí kò ní sanra sí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí kò ní kéèyàn jókòó sójú kan o. Rírìn àti gbígbé ohun tó wúwo ń dáàbò bo iṣan nígbà tí ọ̀rá ń lọ, ó sì ń ṣe ọkàn lóore. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wo òṣùwọ̀n ẹlòmíràn kó sì pè é lọ́lẹ.

Ìfiwéra tún wà tó ń dá àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lóró. Ọ̀kan nínú wọn àti ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù kan náà, onítọ̀hún ti jò ní ìlọ́po méjì tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn mẹ́wàá para pọ̀ láti ọdún 2006 tẹ̀ lé èèyàn 2,458 tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó wà láàárín gbùngbùn nínú àwọn tó ṣe bypass ti pàdánù ìdá 31.5 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, àmọ́ ọ̀nà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn olùwádìí rí tí àwọn èèyàn náà gbà rìn: àwọn kan já wálẹ̀ gan-an, àwọn kan rọra lọ. Ní ìpínlẹ̀ Michigan pẹ̀lú, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2019 fi àwọn aláwọ̀ dúdú wé àwọn aláwọ̀ funfun tí ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara wọn bára mu. Lẹ́yìn ọdún kan, èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi jò kò tó ti àwọn yòókù. Ọmọ Ìbàdàn láti Bẹ́yẹrúnká tó ń fi ara rẹ̀ wé òyìnbó tó jókòó sí tábìlì kejì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán.

Ní tèmi, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ náà? Bí ó bá jẹ́ pé nítorí àtọ̀gbẹ ni, òṣùwọ̀n kọ́ ni ẹlẹ́rìí tó yẹ ká pè. Walter Pories ní Greenville, North Carolina, kọ̀wé lọ́dún 1995 nípa aláìsàn 608 tó ṣe bypass fún láàárín ọdún 14. Nínú àwọn 146 tó ní àtọ̀gbẹ, 121 ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò tó sì dúró síbẹ̀. Ohun tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu ni pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ṣúgà náà ti ń wálẹ̀, nígbà tí ìwọ̀n ara kò tíì yí padà dà bí alárà. Ní Sweden, Lars Sjöström bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lọ́dún 1987 lórí èèyàn 4,047, nǹkan bí ìdajì wọn ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ṣe bypass nínú wọn jò dé ibi tí wọ́n máa jò dé láàárín ọdún kan sí méjì, ìyẹn ìdá 32 nínú 100, wọ́n tún sanra padà díẹ̀, ó wá dúró sí 25 lọ́dún kẹwàá. Ní ìhà àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ikú dín kù, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dín kù. Ní 2012 ni èsì tó yẹ kí gbogbo wa gbọ́ jáde: nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, bí èèyàn ti jò tó kò sọ bóyá àìsàn ọkàn yóò kọlù ú tàbí kò ní kọlù ú. Ẹni tó jò díẹ̀ jèrè pẹ̀lú.

Nítorí náà, ohun tó yẹ ní wíwò pọ̀ nílé. Ìró tí etí rẹ̀ kì í pàdé tẹ́lẹ̀, tó ti ń gun ara wọn báyìí, tó ti ń ṣẹ́ kù fún fífi kó owó sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti di ẹyọ kan láti ẹyọ mẹ́ta. Híhanrun tó ti rọlẹ̀ lóru. Mápó ńkọ́? Àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 yẹn wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dán èémí rẹ̀ wò. Ẹni tó ń dúró mí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó débi òpó ní oṣù kìíní, tó wá dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù karùn-ún, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ń jẹ́. Òṣùwọ̀n náà wúlò, kí ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárọ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ibi tí àìnísùúrù ti ń di ewu ni pé ó ń lé èèyàn lọ wá ohun tó yá. Ọjà'ba kò jìnnà, àgbo tó ń ṣí inú wà níbẹ̀ lónírúurú. Omi ni irú àgbo bẹ́ẹ̀ ń lé jáde, àti iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù. Ọ̀rá kò bá a lọ. Oògùn ara ríro náà ńkọ́? Alabukun tí gbogbo ilé mọ̀, aspirin ló wà nínú rẹ̀, aspirin àti ibuprofen sì lè dá egbò sí ibi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpò lára ẹni tó ṣe bypass. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Jíjò kíákíá fúnra rẹ̀ a máa dá òkúta sínú àpò òróòro. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1995 lórí àwọn tó ṣe bypass, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọn kò fún ní oògùn tó ń dènà rẹ̀ ló ní òkúta yìí láàárín oṣù mẹ́fà.

Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó wà nínú ewu gan-an ni ìgboro máa ń yìn. Ẹni tó ń bì lójoojúmọ́, tí omi kò dúró nínú rẹ̀, yóò jò wàràwàrà, wọ́n á sì máa sọ pé tiẹ̀ jẹ́. Kò jẹ́ o. Fítámì B1 lè tán lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ á máa ṣe méjì-méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró dáadáa nílẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù rí, kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára.